Àbíkú Inú Kọ́míìkì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ikú àti Àjíǹde Àwọn Akọni Marvel àti DC

Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka kọ́míìkì máa ń béèrè jù nìyí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá bá wa níbi tí a ti ń fi òkú Superman ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn akọni kọ́míìkì kì í kú?

Wọ́n ń kú dáadáa. Ọ̀run ni wọn kì í pẹ́ sí. Superman ti kú rí, Spider-Man ti kú rí, bẹ́ẹ̀ náà ni Captain America, Wolverine, Flash àti Green Lantern, gbogbo wọn ló sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Yorùbá tó bá ń ka ìwé wọ̀nyí kò nílò àlàyé rẹpẹtẹ, torí a ti mọ àbíkú. Jean Grey ni Málọmọ́, Superman ni Kòkúmọ́, Jason Todd ni Dúrójayé. Àbíkú sọ olóògùn di èké. Ti inú kọ́míìkì sọ oníwèé ìròyìn di èké, nítorí àwọn ló máa ń kéde òkú náà fún gbogbo ayé.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1964, òkúta ńlá kan wó pa Alfred, ọmọ-ọ̀dọ̀ Batman, níbi tó ti ń ti ọ̀gá rẹ̀ àti Robin kúrò lọ́nà. Nígbà tó di 1966 tí Batman fẹ́ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fẹ́ Alfred nínú eré náà, ló bá di dandan kó jí. Àlàyé wọn ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ti jí i dìde, pé òun gan-an ni ọ̀daràn funfun báláú tí wọ́n ń pè ní Outsider, tó ti ń dààmú Batman láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pa wọ́n, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n máa jí wọn?

Ìtàn wọn kò lópin. Superman bẹ̀rẹ̀ ní 1938, Batman ní 1939, Spider-Man ní 1962, ìwé ṣì ń jáde títí dòní. Ilé-iṣẹ́, ìyẹn Marvel tàbí DC, ló ni akọni. Òǹkọ̀wé kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí òǹkàwé gbọ̀n rìrì lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà (ìwé kọ̀ọ̀kan tó ń jáde), ikú ló máa ń sún mọ́ ọn lọ́wọ́ jù. Tó bá yá, ọmọdé tó sunkún nígbà tó ka ikú náà á ti dàgbà, á ti di òǹkọ̀wé, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa fẹ́ ṣe ni kó jí ẹni tó fẹ́ràn dìde.

Owó náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí akọni kú sí máa ń tà, èyí tó jí sí náà máa ń tà. Àmọ́ mi ò gbà pé owó nìkan ni. Àwọn kan nínú ikú wọ̀nyí, gbogbo ọkàn ni òǹkọ̀wé àti ayàwòrán fi ṣe é. Ẹ ó rí wọn nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní retcon?

Kí òǹkọ̀wé tuntun padà sídìí ìtàn àtijọ́, kó ní ohun tí ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ìwé tí ẹ rà ṣì wà nílé yín, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n yí. Èyí tó dáa máa ń mú kí ẹ fẹ́ padà lọ ka ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò dáa máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n wọlé yín wá kó nǹkan lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí Superman kú?

Àwọn tó ń kọ Superman ti ń múra láti so Clark Kent àti Lois Lane pọ̀ bíi tọkọtaya. Ibẹ̀ ni ètò tẹlifíṣọ̀n kan nípa àwọn méjèèjì ti yọjú, ilé-iṣẹ́ sì fẹ́ kí ìgbéyàwó inú ìwé dúró de ti tẹlifíṣọ̀n. Ìtàn wá tán lọ́wọ́ wọn. Jerry Ordway, ọ̀kan lára wọn, ti máa ń fi ṣe àwàdà nípàdé pé kí wọ́n kúkú pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbà fún un.

Superman nọ́ńbà 75 jáde ní oṣù kọkànlá 1992. Dan Jurgens ló kọ ọ́, òun náà ló yà á. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ìjà Superman àti Doomsday, ẹ̀dá abàmì kan, kalẹ̀: nínú ìwé mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn, àkọ́kọ́ ní àpótí àwòrán mẹ́rin lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, èkejì ní mẹ́ta, ẹ̀kẹta ní méjì. Nígbà tó fi máa kan nọ́ńbà 75, àwòrán kan ṣoṣo ló gba ojú ìwé tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ń tóbi sí i bí ẹ ṣe ń ṣí i, títí òun àti Doomsday fi lu ara wọn pa ní àárín ìgboro Metropolis, tí Lois sì gbá a mọ́ra lórí àwókù ilé. Mi ò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi ìwọ̀n àwòrán nìkan ka ọjọ́ ikú fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n fi aṣọ dúdú tí wọ́n ń so mọ́ apá láti ṣọ̀fọ̀ sí i. Ó tà ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á kò tú ọ̀rá náà, wọ́n rò pé á sọ wọ́n di olówó lọ́jọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ ohun tí mílíọ̀nù ènìyàn tọ́jú kò lè ṣọ̀wọ́n. Ní 1993, ẹni mẹ́rin jáde tí wọ́n dúró sípò rẹ̀, kò sì sí òun fúnra rẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà tó padà, aṣọ dúdú ló wọ̀, irun rẹ̀ sì gùn dé èjìká. Irun yẹn ni àwọn olólùfẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ju ikú náà lọ. Òun àti Lois ṣègbéyàwó ní 1996.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò pa Robin?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Jason Todd ni Robin kejì, ìyẹn ọmọdékùnrin tó ń bá Batman jagun, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò sì gba tirẹ̀. Ní 1988, nínú ìtàn tí Jim Starlin kọ tí Jim Aparo sì yà, Joker, ọ̀tá Batman, fi irin nà án títí kò fi lè dìde mọ́, ó ti í mọ́ ilé pẹ̀lú bọ́ǹbù ní Ethiopia. Ilé náà bú gbàmù, ìwé parí. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù méjì ló wà: ẹ pe ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ kó yè, ẹ pe èkejì tí ẹ bá fẹ́ kó kú. Ìpè kan jẹ́ 50 sẹ́ǹtì.

Ẹni 5,343 ní kó kú. Ẹni 5,271 ní kó yè. Ìbò 72 péré ló pa ọmọ náà. Wọ́n ti ya ìparí méjèèjì sílẹ̀ kí èsì tó dé. Èyí tó yè síbẹ̀ wà nínú àpótí fún ọdún pípẹ́, kí DC tó tẹ nọ́ńbà náà jáde pẹ̀lú rẹ̀ ní 2023.

Àwàdà tó tọ́ sí ìtàn yìí kò tilẹ̀ sí nínú ìbò. Lẹ́yìn tó pa Jason tán, Khomeini fúnra rẹ̀ yan Joker ní aṣojú Ìráànì sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí Batman má bàa lè mú un. Joker dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwérí Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Ìráànì kì í ṣe Lárúbáwá. Àṣìṣe tó burú ni, ìgbéraga sì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a máa sọ ọ́ nígbàkigbà tí a bá ń yin ìtàn náà.

Báwo wá ni Jason Todd ṣe jí?

Ẹ jókòó dáadáa. Superboy kan wà láti ayé mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Superboy-Prime. Ó há mọ́ ibì kan tó dà bí ọ̀run rere, ojú ibẹ̀ ni ó ti ń wo ayé wa, inú sì ń bí i sí bí nǹkan ṣe ń lọ. Ló bá ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri tó pààlà láàárín òun àti ayé. Bó ṣe ń lù ú ni nǹkan ń yí padà káàkiri, ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ́ wọ̀nyẹn ló sì jí Jason nínú pósí. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ jáde. Inú ìwé ọdọọdún Batman ti 2006 ni àlàyé yìí wà, Judd Winick ló kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìdáhùn kan ṣoṣo làwọn olólùfẹ́ DC ní sí gbogbo ohun tí kò bára mu. Àwọ̀ ojú ẹnì kan yí padà láàárín nọ́ńbà méjì? Superboy ló lu ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́wàá di ọmọ ogún láàárín oṣù mẹ́ta? Superboy ló lu ògiri.

Síbẹ̀, ohun tí Winick fi Jason ṣe lẹ́yìn tó jí lágbára. Inú kò bí i pé Batman kò rí òun gbà là. Ohun tó ń bí i ni pé Joker ṣì wà láàyè. Ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu gbogbo òǹkàwé fún ọdún púpọ̀, òkú tó jí nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi Batman lójúkojú.

Kí ni ìtumọ̀ "Kò sẹ́ni tó ń kú títí, àfi Bucky, Jason Todd àti Uncle Ben"?

Òfin àwọn olólùfẹ́ ni. Bucky ni ọmọdé tó ń bá Captain America jagun. Marvel sọ ní 1964 pé ó ti kú sójú ogun àgbáyé kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni mẹ́ta yìí la fi ń dán gbogbo òkú wò. Lọ́dún 2005, Jason padà, Ed Brubaker sì mú Bucky padà gẹ́gẹ́ bí apànìyàn tí Soviet fọ iyè rẹ̀ nù. Òfin fọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan ṣoṣo.

Mo gbà pé ti Bucky ni àjíǹde tó dáa jù tí Marvel ṣe rí. Ó padà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a fọ̀ ọ́ kúrò. Uncle Ben, tó tọ́ Spider-Man dàgbà, nìkan ló kù nínú mẹ́ta. Ẹ̀bi ikú rẹ̀ ló sọ Spider-Man di ẹni tó jẹ́, ẹni tó bá jí i ti pa ìtàn náà nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni Jean Grey ti kú?

Bí a bá gbọ́ àwọn olólùfẹ́, á ti tó ogún. Ikú ńlá tó kú jẹ́ méjì: ti 1980 nínú X-Men nọ́ńbà 137, àti ti New X-Men nọ́ńbà 150.

Ti àkọ́kọ́ ló gba ẹkún. Chris Claremont àti John Byrne kọ ọ́ pé agbára Phoenix gun Jean, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ akọni X-Men, ó jẹ ìràwọ̀ kan run, ayé tó ní bílíọ̀nù 5 ẹ̀dá sì bá a lọ. Wọn ò ní in lọ́kàn láti pa á. Jim Shooter tó jẹ́ olóòtú àgbà ló ní ẹni tó pa bílíọ̀nù 5 kò lè kàn padà sílé lọ sùn. Ni wọ́n bá yí ìparí padà, Jean sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀ lórí òṣùpá lójú Cyclops, olólùfẹ́ rẹ̀.

Ní 1986, wọ́n fẹ́ kó gbogbo X-Men àkọ́kọ́ jọ. Wọ́n ní Phoenix kọ́ ni Jean, pé ẹ̀mí Phoenix ló gbé ìrísí rẹ̀ wọ̀, pé Jean fúnra rẹ̀ ti ń sùn lábẹ́ omi Jamaica Bay ní New York láti ìgbà náà wá. Cyclops gbọ́, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lọ bá a. Kí Cyclops má bàa jẹ̀bi jù, wọ́n wá ní ìyàwó náà kì í ṣe ènìyàn tí a bí, pé ara Jean ni ọ̀daràn kan ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọmọ náà lọ sí ọjọ́ iwájú, ó padà wá ní arúgbó tó ju bàbá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ó ru ìbọn ńlá. Àwàdà kankan tí a bá ṣe kò lè ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Xorn?

Ní 2001, Grant Morrison mú olùwòsàn kan wọ X-Men, Xorn, tó de ìbòjú irin mọ́rí. Ní 2003, ó ṣí ìbòjú: Magneto, ọ̀tá X-Men láti ọjọ́ pípẹ́, ni! Gbogbo wa pariwo, torí ó ti fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri tí a ò rí i. Magneto yìí di aṣebi paraku, ó pa Jean, Wolverine sì bẹ́ ẹ lórí.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ṣì nílò Magneto. Láàárín oṣù díẹ̀, Magneto tòótọ́ yọjú ní erékùṣù Genosha láàyè. Ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ńkọ́? Wọ́n ní Xorn gan-an ni, pé ó ń ṣe bíi Magneto tó ń ṣe bíi Xorn. Lẹ́yìn náà ni ìbejì Xorn wá fara hàn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde gan-an nìyẹn. Ó dùn mí, nítorí ìtàn Morrison ti pé pérépéré.

Ṣé òṣèré ló kú dípò Aunt May lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1995, nínú Amazing Spider-Man nọ́ńbà 400, J. M. DeMatteis kọ ikú Aunt May, ìyá arúgbó tó tọ́ Peter Parker, ìyẹn Spider-Man, dàgbà. Òun àti Peter gòkè Empire State Building, ibẹ̀ ló ti sọ fún Peter pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé Peter ni Spider-Man. Ó darí sílé, ó sùn, ó lọ jẹ́ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kọ nípa Aunt May, kò sí èyí tó rọ̀ mí lọ́kàn tó o.

Ní 1998, wọ́n ní Norman Osborn, ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Green Goblin, ti gbé May pamọ́, pé òṣèré bìnrin kan tí wọ́n yí ara rẹ̀ padà ló kú. Norman fúnra rẹ̀ ti kú ní 1973, ó sì jí ní 1996. Àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú ẹ̀bùn eré táa fún òṣèré tó ṣeré dójú ikú, tí kò jáwọ́ nínú ipa rẹ̀ kódà lórí ibùsùn. Ohun tó burú ni pé ọ̀rọ̀ orí Empire State Building kò jẹ́ ti May mọ́. Òmíràn tún ní láti kọ ọ́ lọ́tun ní nǹkan bí 2001, kí May tó tún mọ àṣírí Peter.

Kí ló dé tí inú ṣì ń bí ènìyàn sí One More Day?

Nínú ìtàn Spider-Man yìí, ọta ìbọn bà Aunt May, ó fẹ́ kú. Peter àti Mary Jane bá Mephisto, tó jẹ́ èṣù ní ti Marvel, ṣe àdéhùn: May á yè, ìgbéyàwó àwọn á sì parẹ́ bí ẹni pé kò wáyé rí. Ìgbéyàwó yẹn ti wà láti 1987; ìparí 2007 ni wọ́n pa á rẹ́. J. Michael Straczynski tó kọ ọ́ kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ní kó parí.

Ní ilé Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà. May tí a mọ̀ kò ní gbà kí ọmọ òun tú ilé rẹ̀ ká nítorí òun. Èyí ló ń bí wa nínú, ó sì tọ́ kó bí wa.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ikú kan á pẹ́?

Bí ẹ kò bá rí òkú, kò kú. Bí ẹ bá rí òkú nínú iná tàbí omi, kò kú. Bí Doctor Doom ló kú, rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ ni. Bí fíìmù nípa ẹni náà bá ń bọ̀, ẹ má sunkún. Bí ìwé ìròyìn ńlá bá kéde rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde, bí wọ́n ti ṣe fún Captain America ní 2007, ẹ fún un ní bí ọdún méjì. Òun padà ní 2009. Johnny Storm kú ní oṣù kìíní 2011, ọdún náà kò tíì parí tó fi padà.

Àwọn tó ń pẹ́ ni àwọn tí kò ní ìwé tiwọn: bàbá, ọ̀rẹ́, olùkọ́. Barry Allen tó jẹ́ Flash yàtọ̀. Ó kú ní 1985, kò padà àfi 2008, nítorí Wally West gba iṣẹ́ náà ó sì ṣe é dáadáa. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ni odidi ìran òǹkàwé fi mọ Wally nìkan ní Flash.

Kí ló dé tí ẹ kì í fi ti Gwen Stacy ṣe àwàdà?

Nítorí àpótí àwòrán kan. Ní 1973, nínú Amazing Spider-Man nọ́ńbà 121, Green Goblin ju Gwen, ọ̀rẹ́bìnrin Peter, láti orí afárá. Spider-Man ta okùn rẹ̀, okùn mú un lẹ́sẹ̀. Gerry Conway ló kọ ọ́, Gil Kane ló yà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn Gwen nínú àwòrán náà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ ìró kékeré kan, irú ìró tí igi wẹ́wẹ́ máa ń ní tó bá dá. Peter ń yọ̀ pé òun mú un. Nígbà tó fi máa fà á gòkè, ó ti kú.

Àwọn olóòtú sọ fún àwọn tó kọ lẹ́tà pé bí okùn ṣe dá a dúró lójijì ló pa á. Ìyẹn ni pé ọwọ́ tó fẹ́ gbà á là wà nínú ikú rẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ̀dá ẹlòmíràn láti ara rẹ̀, wọ́n ti mú Gwen ayé mìíràn wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìró yẹn.

Ṣé kì í ṣe obìnrin ni wọ́n ń pa jù kí ọkùnrin lè bínú?

Ẹ̀sùn yẹn dúró. Ní 1994, wọ́n pa Alexandra DeWitt, ọ̀rẹ́bìnrin Green Lantern tuntun, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ sínú fíríìjì kí ọkùnrin rẹ̀ lè bá a níbẹ̀. Ní 1999, Gail Simone, tó padà wá di òǹkọ̀wé kọ́míìkì, kó orúkọ àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí jọ, orúkọ náà sì pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin máa ń jí padà. Alexandra kò jí.

Barbara Gordon, tó jẹ́ Batgirl, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ní 1988, Joker yìnbọn lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Brian Bolland ló ya ìwé náà. Àwọn àgbà kan ní Nàìjíríà ti mọ ọwọ́ rẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1970 nínú Power Man, kọ́míìkì tí wọ́n ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Kim Yale àti John Ostrander kò jẹ́ kí Barbara parẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di Oracle, obìnrin orí kẹ̀kẹ́ arọ tí gbogbo akọni ń wá ìmọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 2011, DC ní wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ó ti ń rìn. Simone fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ àwọn òǹkàwé tí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ pàdánù akọni kan lọ́jọ́ náà. Mi ò lè pè é ní ìwòsàn lásán.

Ǹjẹ́ akọni kan wà tó kú bí ènìyàn ṣe ń kú?

Mar-Vell, Captain Marvel ti àkọ́kọ́. Ní 1982, Jim Starlin, ẹni kan náà tó kọ ikú Robin lẹ́yìn náà, fi àrùn jẹjẹrẹ pa á. Àrùn náà ti pa bàbá Starlin gan-an. Gbogbo ọlọ́gbọ́n inú Marvel péjọ, wọn ò rí i wò. Spider-Man kò lè dúró nínú yàrá náà, ó sá jáde. Ọ̀gágun kan láti inú àwọn Skrull, ẹ̀dá ayé mìíràn, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bá Mar-Vell jà láti ọjọ́ pípẹ́, wá fi àmì ẹ̀yẹ akin fún un lórí ibùsùn.

Ìgbà kan tí Marvel ní ó padà, ní nǹkan bí 2008, Skrull tó gbé ìrísí rẹ̀ wọ̀ ló já sí. Ìwé yẹn ni mo máa ń fún ẹni tó bá ní kọ́míìkì kò lè sọ òótọ́ nípa ikú.

Bí ikú bá ti dópin pátápátá ńkọ́?

Jonathan Hickman dán ìyẹn wò nínú X-Men ní 2019. Ní erékùṣù Krakoa, ẹni márùn-ún pa agbára wọn pọ̀ tí wọ́n ń fi jí òkú lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Goldballs, ọmọ tí gbogbo wa ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti 2013 nítorí pé bọ́ọ̀lù wúrà nìkan ló ń ti ara rẹ̀ jáde. Hickman ní ẹyin ni wọ́n. Inú ẹyin yẹn ni wọ́n ti ń hu ara tuntun, Xavier, olùdásílẹ̀ X-Men, á sì da iyè òkú náà padà sí i.

Nǹkan ọlọ́gbọ́n ni, torí ó gba àwàdà wa, ó fi ṣe òfin ìlú. Ìbéèrè tuntun ló wá jáde: ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ jí, ṣé ẹni tó jí ni ẹni tó kú? Ó dópin ní 2024. Mo rò pé wọ́n yára.

Ṣé gbogbo nǹkan la lè fi ṣe àwàdà?

Rárá. Ní 2016, Marvel ní Captain America ti ń ṣiṣẹ́ fún Hydra, ẹgbẹ́ tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ ti Nazi, láti kékeré. Cosmic Cube, ohun alágbára kan tó lè yí ayé padà, ló yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Ẹni tó bá ti mọ retcon á ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n Joe Simon àti Jack Kirby, ọmọ Júù méjèèjì, ló dá Captain America sílẹ̀, èèpo nọ́ńbà kìíní, tí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ jẹ́ oṣù kẹta 1941, sì fi hàn bó ṣe ń gbá Hitler ní ẹ̀ṣẹ́, kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun. Nígbà tí àwọn òǹkàwé Júù ní ó dun àwọn, ìdáhùn pé "ẹ ní sùúrù, á yí padà" kò tó. Mo wà lẹ́yìn wọn.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ikú Superman, ó ń sunkún. Ṣé kí n sọ fún un pé ó máa jí?

Ẹ má sọ fún un. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe tí ẹ máa tún ṣe, òǹkọ̀wé fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ̀. Àwàdà wa wà fún ẹni tó ti ṣọ̀fọ̀ tán.

Ẹ fún un ní àwọn nọ́ńbà ìsìnkú tó tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn akọni yòókù ti ń sin ín, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sì wà ní Kansas tí wọ́n ń wo ìsìnkú ọmọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, torí wọn ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ àwọn ni. Bó bá parí wọn, tó béèrè bóyá ó tán nìyẹn, ẹ gbé nọ́ńbà 500 ti Adventures of Superman lé e lọ́wọ́.